Ṣé kíkó sítáǹpù jọ lásán ni mò ń ṣe àbí philately gan-an, ìyẹn fífi ìmọ̀ ṣèwádìí sítáǹpù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa sítáǹpù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Èmi ò ní ètò kankan, èyí tó bá ṣáà ti wù mí ni mò ń kó, ẹyẹ, ọkọ̀ ojú irin, orí ọba, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú álíbọ́ọ̀mù mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé ìyẹn kì í ṣe philately, pé eré ọmọdé ni. Ó dùn mí díẹ̀, ká má purọ́. Àmọ́ nígbà tó gbé Penny Red méjì, ìyẹn sítáǹpù pupa àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jọra bí ìbejì síwájú mi, ó ní kí n wo lẹ́tà tó wà nígun ìsàlẹ̀, ó gbé rúlà kékeré kan jáde ó ń ka iye ihò etí ẹ̀ nínú sẹ̀ǹtímítà 2, ó tún dà á dojú dé ó ń wá àmì adé tó wà nínú bébà. Penny Black ti 1840, ìyẹn sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé, ò tiẹ̀ níhò létí rárá, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi gé e!

Ṣé ó dìgbà téèyàn bá ń ka ihò ni? Ṣé kí n mú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kí n pa ìyókù tì? Àwọn tó ṣì wà lára àpò lẹ́tà ńkọ́, ṣé kí n rẹ wọ́n sómi kí wọ́n ṣí àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo gbọ́ pé òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára ẹ̀ gan-an làwọn kan ń wá. Kátálọ́ọ̀gù Stanley Gibbons, ìwé tó to sítáǹpù àti iye owó wọn, náà ń wù mí, ṣé kí n rà á ná àbí awò tó ń mú nǹkan tóbi ló yẹ kó ṣáájú?