Wákàtí mélòó gan-an ni Èkó sí London? Ẹ gbà mí o

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní London, wọ́n ní kí Màmá wá bá àwọn wẹ ọmọ. Láìbi mí, ẹ̀gbọ́n mi ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Addis Ababa ní Ethiopia! Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èmi tí mò ń tọ́jú wọn látìgbà tí Bàbá ti kú, ìyàwó yẹn ò tilẹ̀ pè mí. Aago 2 ọ̀sán ni wọ́n á gbéra l'Ékòó, wọ́n á dé Addis ní 9 alẹ́. Wọ́n á tún gbéra ní aago 1 òru, wọ́n á dé London ní 6 ààbọ̀ àárọ̀. Ṣé Addis wá sún mọ́ London ju Èkó lọ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ èyí tó ń lọ tààrà. Nígbà tí mò ń lọ sí Houston, ibi tí mo ti pààrọ̀ bàálù ni ẹrù mi há sí. Aṣọ àyálò ni mo wọ̀ síbi ìkómọ!

Akin Peckham: Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Addis fi wákàtí 2 ṣíwájú Èkó, torí náà wákàtí 5 ni ìrìn àkọ́kọ́. Lásìkò ooru London tá a wà yìí, aago Èkó àti London bára mu, torí náà Addis sí London jẹ́ wákàtí 7 ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ìdúró mọ́ ọn, 16 ààbọ̀ ni. Tààrà, nǹkan bí 5,000 kílómítà ni, wákàtí 6 ààbọ̀. Ìlà oòrùn ni Addis wà. Màmá á kọ́kọ́ rin nǹkan bí 3,900 kílómítà lọ síbẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan bí 5,900 mìíràn.

Alàgbà Ìkìrun: Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló mọ bí àpò òun ṣe rí. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ má bínú, àgbàlagbà là ń sọ, kì í ṣe owó.

Akin Peckham: Kí wọ́n béèrè wheelchair ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn: Èmi ni mo san owó físà o! Màmá ò sì nílò wheelchair. Orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lóṣù tó kọjá gan-an ti ń jinná, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

Nọ́ọ̀sì Adé: Ẹ dúró ná! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Téèyàn bá jókòó lójú kan ju wákàtí 4 lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ sí i lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn. Tó bá gòkè dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Ẹ má ka ti Addis nìkan sí ewu, wákàtí 6 ààbọ̀ ti tààrà náà kì í ṣe kékeré. Ẹ lọ bá dókítà tó ṣe é. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn: Màmá ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní wọn ò ní jẹ́ kí àwọn wá rí ọmọ.

Alàgbà Ìkìrun: Ẹ pè é lálẹ́ yìí.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn: Ọjọ́bọ̀ yìí ni ìrìn-àjò. Ṣé wọ́n ṣì lè sún un?

Akin Peckham: Ọwọ́ irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ló wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n yín kàn sí iléeṣẹ́ bàálù kí bàálù tó gbéra. Tí Màmá bá kàn ṣàìyọjú, owó yẹn lè wọgbó.