Ṣé kí n pààrọ̀ fèrèsé ilé bàbá mi, àbí kí n tún un ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìbàdàn ní 1984 là ń gbé, lúfà àtijọ́ yẹn, gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, ló ṣì wà lójú fèrèsé. Òjò alátẹ́gùn ọ̀sẹ̀ tó kọjá gba ibẹ̀ wọlé, ó rin ibùsùn ìyá mi gbingbin. Mo fi ọ̀bẹ gún férémù igi náà nísàlẹ̀, ọ̀bẹ wọlé bí ìgbà téèyàn gún iṣu sísè. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ní àwọn yàrá yòókù, igi ṣì le, irin tó di gíláàsì mú ló dípẹtà, kò ṣe é ṣí, kò ṣe é tì.

Káfíńtà ní kí n yọ gbogbo rẹ̀, kí n fi alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Ọkàn mi ò gbà á tán. Ìdajì péré nìyẹn ń ṣí, lúfà ń gba atẹ́gùn látòkè délẹ̀, iná wa ò sì dúró. Ooru á pọ̀ jù fún ìyá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé mo lè pààrọ̀ ti yàrá ìyá mi nìkan, kí n ra irin lúfà tuntun fún ìyókù? Ṣé òjò kì í gba abẹ́ alumíníọ̀mù yẹn wọlé?