Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹjọ́ gbà-máà-bínú rí, kí ni wọ́n fi ìgbé ayé yín àtẹ̀yìnwá ṣe ní kóòtù?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọkọ̀ akẹ́rù iléeṣẹ́ kan ló kọlu màámi lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, itan wọn sì kán. Iyán ni wọ́n ń gún tà, ìdúró ni a sì ń gún iyán.

Ní Ilé Ẹjọ́ Gíga l'Ádó, lọ́yà iléeṣẹ́ náà ò sọ ti eré tí awakọ̀ wọn ń sá. Káàdì ọsibítù àtijọ́ ló nà sókè, pé orúnkún ti ń dun màámi tipẹ́. Ó tún ní oníwàdùwàdù ni gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí, àwọn ni yóò ti já lu títì. Màámi sunkún níbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí. Ó dùn mí wọra.

Lọ́yà wa dìde. Abala 78 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló dì mú: nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, a kì í torí ìwà tí wọ́n mọ̀ mọ́ èèyàn sọ pé òun ló ṣe nǹkan. Adájọ́ gbà, ó ní ká fi ọ̀rọ̀ ọjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba káàdì náà wọlé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú mi, torí ìrora tó ti wà nílẹ̀ kọ́ ni awakọ̀ yóò san. Dókítà wá fi fọ́tò egungun hàn: orúnkún ló ń dùn tẹ́lẹ̀, itan ló kán.

Ohun tó gbà wá ni káàdì alájọ. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń sàmì sí i fún wọn, títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìjàm̀bá. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Adájọ́ fúnra rẹ̀ rí i pé ọjà ń lọ kó tó dúró. Owó oògùn tí a kò gba rìsíìtì rẹ̀, a ò rí kọ́bọ̀ gbà lé e.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò:
Bá mi kí ìyá rẹ, ọmọ mi. Bàbá Ìbejì ní ìtọ̀ ṣúgà. Jíìpù kan tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, egbò ò jinná títí wọ́n fi gé ìka. Onímọ́tò ní ṣúgà ló fà á, kì í ṣe òun. Adájọ́ ní bí èèyàn bá ṣe wà ni ẹni tó ṣe é léṣe ti bá a, kò lè ní ara ẹlòmíì ì bá gbà á. Onímọ́tò sanwó.

Ará Ìkọ̀lé:
Ìbanilórúkọjẹ́ ni tiwa, ibẹ̀ le jù. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi lólè níwájú ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì jàre. Ṣùgbọ́n abala 79 nínú Òfin Ẹ̀rí yẹn fàyè gba ẹ̀rí ìwà tó bá kan iye owó gbà-máà-bínú. Ẹlẹ́rìí wá ní orúkọ wọn ti bàjẹ́ nílùú tipẹ́. Owó tí wọ́n gbà ò tó ti lọ́yà.