Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí Ferrari méjèèjì: mo ti mú ọ̀kan

Ẹ̀yin ará, ẹ ó rántí pé mo béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí n ra àlòkù Ferrari 360 Modena, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999, tàbí F430 tó rọ́pò rẹ̀. F430 ni mo mú, ó sì ti wà ní àgbàlá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4.3, ti 360 sì jẹ́ 3.6, ṣùgbọ́n agbára kọ́ ló mú mi yàn án. Bẹ́líìtì ni ó ń mú kí àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì 360 (ìdérí kéékèèké tí ń ṣí tí ń pa dé fún afẹ́fẹ́ àti èéfín) ṣiṣẹ́, dandan sì ni kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, kódà bí ọkọ̀ náà kò bá kúrò lójú kan, nítorí pé bí ó bá já, fáàfù àti písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) yóò kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́. Ṣéènì irin ni ti F430, kò sì nílò irú pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀; ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Mẹkáníìkì mi ní Ṣágámù, ẹni tí kì í tètè yin ọkọ̀, yẹ páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì wò fínnífínní, torí pé ó máa ń sán lára F430, kò sì rí àléébù kankan. Jíà ọlọ́wọ́ ni ó wù mí, ṣùgbọ́n n kò rí i rà. Èyí tí a ń fi ìka yí lẹ́yìn sítíárìn ni mo gbà. Ẹ ṣeun, mo ti pa ìbéèrè náà dé.