Ṣé òfin ọ̀wọ́n gógó kan ẹni tó ń ta owó àtijọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà, owó àtijọ́ ni mò ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1959, àti páùn Nàìjíríà tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní 1973. Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń rà wọ́n, nínú àpótí aṣọ.

Ọjà orí ayélujára tí mò ń lò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ páùn mi kan kúrò. Wọ́n ní iye tí mo fi lé e ti pọ̀ jù, pé mo ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Páùn tí ẹnikẹ́ni ò ká rí, tó ṣì le kóko! Ṣé gààrí ni?

Mo mọ̀ pé abala 127 òfin ààbò oníbàárà ti 2018 kò fẹ́ kí a tajà ní iye tí kò bójú mu rárá. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún oògùn àti oúnjẹ. Àmọ́ ta ló fẹ́ díye lé ohun tí wọn ò tẹ̀ mọ́?

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ sí wọn tí wọ́n fi dá ọjà yín padà? Ṣé fọ́tò tẹ̀yìn-tiwájú tó, àbí kí n fi iye táwọn míì ta irú rẹ̀ kún un?