Èéfín aláwọ̀ lójú irin lọ́sàn-án: iṣẹ́ tó ń ṣe àti ibi tó ti ń kùnà

Olùtọ́jú ojú irin, Mọ́níyà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ń béèrè pé kí ni agolo èéfín, ìyẹn agolo tó ń tú èéfín aláwọ̀ jáde láti kìlọ̀ fún awakọ̀ pé nǹkan dí ojú irin, wà fún nígbà tí àsíá pupa ti wà lọ́wọ́. Pípe ojú awakọ̀ láti òkèèrè ni iṣẹ́ èéfín. Àsíá tí èèyàn kan ń jù kì í hàn dáadáa láti kìlómítà kan, pàápàá níbi tí igbó ti sún mọ́ ojú irin. Èéfín àwọ̀ ọsàn tó ga ju orí èèyàn lọ máa ń hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè sí yàrá ìdarí, àsíá, àti bángà orí irin tí wọ́n ń pè ní detonator, èyí tó máa ń dún gbàmù tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gùn ún, ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ ru èéfín nìkan ń fi ẹ̀mí èrò ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bíréèkì bá ń gé ìdajì mítà kúrò nínú eré yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ náà yóò ṣì rìn tó mítà 770 kó tó dúró. Kìlómítà 150 ni eré tí wọ́n ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn fún. Pẹ̀lú bíréèkì kan náà, ọkọ̀ tó bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀ yóò rìn ju mítà 1,700 lọ. A ò tíì ka ìgbà tí awakọ̀ fi ń rí nǹkan tó sì ń na ọwọ́ sí bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n fi bángà mẹ́ta sórí irin ní kìlómítà 2 sí ibi tí nǹkan ti dí ọ̀nà, kí mítà 20 sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Iye tó bá wà nínú ìwé òfin ilé iṣẹ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Ẹ wá wo èéfín fúnra rẹ̀. Agolo kékeré tí èèyàn ń dì mú ń jó fún bí ìṣẹ́jú kan. Èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń jù sórí omi gbọ́dọ̀ jó fún ìṣẹ́jú 3, ó kéré tán. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 yóò ti rìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá tètè tan án nítorí ìpayà, ó lè kú tán kí ọkọ̀ tó yọ. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ tàbí tí ẹ gbọ́ fèrè rẹ̀, tàbí tí yàrá ìdarí bá sọ pé ó ti kúrò ní ibùdó tó kẹ́yìn. Ẹ má sì jáde pẹ̀lú ẹyọ kan.

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, Dùgbẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ń hàn láti inú yàrá awakọ̀ kún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín funfun àti eléérú kì í ṣe nǹkan tuntun lójú awakọ̀. Àgbẹ̀ ń sun oko, àwọn ará àdúgbò ń sun pàǹtírí, láti Omi-Àdìó títí wọ Mọ́níyà. Kò sí awakọ̀ tó máa fa bíréèkì nítorí irú èéfín bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ gan-an ló jẹ́ kí èéfín ìkìlọ̀ wúlò.

Èwo ni kí a wá lò nínú àwọ̀? Pupa tàbí àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ ewé kò gbọdọ̀ wọ ojú irin rárá, nítorí pé ohun tó túmọ̀ sí fún awakọ̀ ni pé ọ̀nà ṣófo. Èéfín yẹ́lò máa ń pòórá nínú ọyẹ́. Pupa àti àwọ̀ ọsàn náà ní ìṣòro tiwọn lọ́dọ̀ wa níbí: eruku ilẹ̀ pupa. Níbi tí títì tí kò lọ́dà bá ti gba ojú irin kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó bá sáré kọjá yóò gbé eruku tó fara jọ èéfín àwọ̀ ọsàn sókè. Ìyàtọ̀ wọn ni pé eruku ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé e, ó sì fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀. Èéfín agolo ń ti ojú kan jáde, ó sì ki jù lọ níbi tó ti ń jáde. Kí awakọ̀ má bàa máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni tó ni àsíá dúró síbi tí ojú ti lè rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín, kó má ṣe wà nínú rẹ̀. Tí àsíá kò bá sí, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè gbọọrọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń fì tagbáratagbára lójú irin, ewu ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ kà á sí.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ka èyí, ẹ má ṣe dúró títí ẹ ó fi mọ ìdí tí wọ́n fi tan èéfín. Bíréèkì ni kó ṣáájú, kí fèrè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà rédíò. Ẹ má sì wa ọkọ̀ gba inú èéfín kọjá, nítorí pé ẹni tó tan án lè wà lódì kejì.

Olùtọ́jú ojú irin, Mọ́níyà:

Òótọ́ ni, bàbá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tí kò yọrí sí rere ni afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó ń kọjú sí àríwá-ìlà-oòrùn bó ṣe ń wọ Ìbàdàn, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Tí ẹ bá gbé agolo sí ẹ̀gbẹ́ irin ní oṣù Ṣẹẹrẹ, èéfín yóò nà gbọọrọ lórí irin lọ bá awakọ̀. Orí rẹ̀ nìkan ni yóò rí, kò ní rí bó ṣe gùn tó, ó sì tún lè bo ẹni tó mú àsíá mọ́lẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí agolo jìnnà díẹ̀ sí irin, ní ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́, ìyẹn ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí ẹni tó mú àsíá dúró sí òkè afẹ́fẹ́, ìhà tó ti ń fẹ́ wá. Lákòókò òjò, apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń gbà wá, èéfín yóò sì máa sá fún ọkọ̀. Bí igi bá ń mì gidi, èéfín yóò fọ́nká kó tó ga. Òjò ńlá ń lù ú mọ́lẹ̀. Ní irú àsìkò méjèèjì yìí, bángà ni kí ẹ gbára lé: etí awakọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì lè gbé e lọ. Láti ọdún 1841 tí Cowper ará Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é, nítorí kùrukùru gan-an ni. Ẹ fi ìdè rẹ̀ dè é mọ́ orí irin dáadáa, kí ẹ sì kúrò nítòsí, torí pé àfọ́kù irin máa ń fò.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ pe yàrá ìdarí: ẹ sọ nọ́ńbà kìlómítà tó wà lára òpó, irin wo ni nǹkan dí, kí sì ni nǹkan náà. Kí wọ́n tún un sọ fún yín kí ẹ tó gé fóònù. Irin méjì ló wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn, nítorí náà irin tí ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Tí nǹkan náà bá dí méjèèjì, ẹni méjì ni kó lọ, ọ̀kan síhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rìn, ẹ má ṣe rìn láàárín irin méjì, kí àsíá ti wà ní títú. Rírin kìlómítà 2 lórí òkúta wẹ́wẹ́ lè gbà tó ìdajì wákàtí, ìdí nìyẹn tí ìpè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì, Ṣáńgo:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú agolo, torí òun ló ṣàlàyé bó ṣe ń bàjẹ́. Aró ni àwọ̀ yẹn, aró náà kò sì gbọdọ̀ jó. Èròjà tó ń fún iná ní ọ́síjìn àti ṣúgà ló ń pèsè ooru. Ooru náà ń sọ aró di afẹ́fẹ́ bí káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ṣe ń ṣe. Nígbà tó bá bọ́ síta tó sì tutù, á padà di ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó léfòó, ìyẹn ni ìkúùkù tí ẹ ń rí. Wọ́n máa ń fi sódà bíi ti àwọn aṣebúrẹ́dì sí i kí ooru má bàa pọ̀ jù. Tí iná bá gbóná jù, aró á jó, èéfín á sì dúdú tàbí kó di eléérú bíi ti pàǹtírí. Tí ọ̀rinrin bá ti wọ inú agolo, iná á máa ta láì tàn dáadáa, tàbí kó kú lágbedeméjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti po ó nílé: àdàlù rẹ̀ lè gbiná lójijì nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yàtọ̀ sí iná pupa tí wọ́n ń tàn lóru. Iyọ̀ sítírọ́ńṣọ́ọ̀mù ló ń mú ọwọ́ iná náà pupa, oòrùn ọ̀sán sì ń borí rẹ̀. Agolo èéfín kò wúlò lóru. Kí àpò yín ní méjèèjì.

Olùtọ́jú ilé ìkó-nǹkan-sí, Mọ́níyà:

Tèmi kò pọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí agolo máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ibi gbígbẹ tó tutù ni kó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn jíìpù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀. Ẹ ka bó ṣe ń tàn kí ẹ tó jáde: òmíràn ní òrùka tí wọ́n ń fà, òmíràn ń fẹ́ kí wọ́n fi ìdérí ha á. Ẹ na apá gbọọrọ, ẹ yí ojú kúrò, kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn yín.

Lẹ́yìn tó bá ti tàn, ara agolo á gbóná gan-an. Ẹ gbé e sórí òkúta wẹ́wẹ́, kì í ṣe sórí koríko gbígbẹ tàbí sílípà onígi, ìyẹn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin. Tí táńkà epo bá ṣubú sójú irin, tàbí tí ẹ bá gbóòórùn epo, ẹ má tan nǹkankan nítòsí: àsíá àti fóònù nìkan ni. Ẹ má ṣe tan án nínú kóòṣì tàbí nínú ilé, èéfín náà ń dá ọ̀fun lóró. Èyí tí kò tàn lẹ́yìn tí ẹ fà á, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ mú òmíràn. Kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n rì í sínú garawa omi, kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá. Ẹ má jù ú sódò tàbí sórí ààtàn, àwọn ọmọdé máa ń ṣa nǹkan níbẹ̀.