Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tí mi ò san

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ọmọ kan bá mi tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ìjà dé láàárín wa, mo ní ó ba aṣọ oníbàárà jẹ́, inú bí mi mi ò san owó oṣù méjì tó gbẹ̀yìn, ó sunkún lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Àfi lọ́jọ́ Sátidé tí tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kátíkísìmù, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ Kátólíìkì, sọ pé àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó ń ké sí ọ̀run, ó dárúkọ ìpànìyàn, ó tún dárúkọ owó alágbàṣe, ara mi tutù. Láti ọdún mẹ́ta yẹn ni mo sì ti ń gba Kọmúníọ̀n o! Ṣé ó ṣì ní ìdáríjì?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ lọ jẹ́wọ́ fún Fádà, kẹ́ ẹ sì ṣe ọrẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ̀dá Kátíkíìsì: Ìyá wa, ẹ má bẹ̀rù. Èyí tí ò ní ìdáríjì nínú Máàkù orí 3, ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́ ni, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí tíṣà ń sọ wà nínú ìwé Kátíkísìmù, ìpínrọ̀ 1867: ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì, ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù, igbe àwọn tí wọ́n ni lára ní Íjíbítì, igbe àlejò, opó àti ọmọ òrukàn, àti owó alágbàṣe tí wọ́n fi dù ú. Diutarónómì 24 ní kí oòrùn má wọ̀ kẹ́ ẹ tó san án torí tálákà ni, owó yẹn ló gbójú lé. Tálákà ò ní lọ́yà, Ọlọ́run ló ń bá a gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, ẹ jẹ́wọ́ kẹ́ ẹ tó tún gba Kọmúníọ̀n.

Adékúnlé: Aṣọ tó bàjẹ́ ńkọ́? Òun náà jẹ̀bi.

Bọ̀dá Kátíkíìsì: Ká ní ó jẹ̀bi, ṣé aṣọ kan tó owó oṣù méjì?

Àǹtí Bísí: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ o. Ọmọ yẹn ló ni owó, òun ni kẹ́ ẹ wá rí. Sákéù, agbowó orí inú Bíbélì, ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa dá padà fún ẹni tóun bá rẹ́ jẹ. Ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ má san iye ọdún mẹ́ta sẹ́yìn gan-an, owó tó ra àpò gàrí nígbà yẹn ò lè rà á mọ́, ẹ fi kún un.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí nọ́ńbà ìyá ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ará àdúgbò wọn. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dún, wọn ò tíì gbé e. Mo máa tún pè láàárọ̀.